Ọlọ́fìnkìn àti Ilẹ̀kùn Màmá

Ilẹ̀kùn yàrá Màmá kì í ṣí kó má ké. Bí wọ́n bá tì í díẹ̀, á kọ́kọ́ kùn bí ẹni tí inú ń run, lẹ́yìn náà á wá fi igbe bọnu, "kẹ́ẹ́ẹ́n!", igbe náà á sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá títí dé yàrá iwájú níbi tí Aránṣọ ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ Aránṣọ, ọmọkùnrin tí Màmá bí, káfíńtà ni. Gbogbo àdúgbò ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣe ilẹ̀kùn tó dáa fún gbogbo ayé, ti ìyá tó bí i lọ́mọ wá ń ké bí ewúrẹ́ tó já sí kòtò. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ o. Aago ilé wa nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí iyè Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra, tó di pé ó lè dìde kó máa lọ ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n ti wó tipẹ́tipẹ́, ilẹ̀kùn yẹn ló ń bá wọn ṣọ́ ọ. Wọn ò lè ti ilẹ̀kùn tó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn ayálégbé òkè ń gbà wọlé tí wọ́n ń gbà jáde. Nítorí náà, bí ilẹ̀kùn Màmá bá ti ké, Aránṣọ á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, á sáré lọ pàdé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ kó tó dé títì.

"Màmá, níbo là ń lọ?"

"Ṣọ́ọ̀bù ni. Àwọn oníbàárà á ti máa dúró dè mí."

"Ọjọ́ Àìkú lòní, Màmá. Ṣọ́ọ̀bù ò ṣí."

"Áà, bẹ́ẹ̀ ni o. Mo tiẹ̀ ti gbàgbé."

Á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á mú un padà sórí ibùsùn. Ọjọ́ Àìkú ni gbogbo ọjọ́ nínú ilé náà.

Aránṣọ kì í ṣe ẹni tí Màmá kọ́kọ́ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ọmọ. Kó tó di ìyàwó ilé, ọmọ iṣẹ́ Màmá ni. Lọ́wọ́ Màmá ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, bí wọ́n ṣe ń rán an, àti bí wọ́n ṣe ń tú u pẹ̀lú sùúrù tí wọ́n bá rán an wọ́. Ohun tí Màmá sì kọ́kọ́ kọ́ ọ kì í ṣe rírán rárá. Bí wọ́n ṣe ń fi epo sí maṣíìnì ni. Màmá ní agolo kékeré kan tó ń lò fún un, ikùn rẹ̀ rí roboto bí àlùbọ́sà, imú rẹ̀ gùn, ó sì tín-ín-rín. Tí èèyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, á dún "tọ́kọ́", epo á sì kán ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ìgbà gbogbo ni ẹ̀kán mìíràn máa ń rọ̀ dirodiro ní ṣóńṣó imú náà, bí ọmọ tí òtútù mú. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi sọ agolo náà ní Ọlọ́fìnkìn.

"Nu imú Ọlọ́fìnkìn kó o tó gbé e kọ́," ni Màmá máa ń sọ tí wọ́n bá fẹ́ palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, á ní, "Rán àkísà kọ́kọ́. Epo máa ń fara pa mọ́ sínú maṣíìnì. Máa rán àkísà lọ títí tí kò fi ní yọ mọ́, kó o tó gbé aṣọ oníaṣọ síbẹ̀."

Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, Màmá nu imú agolo yẹn, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Tìẹ nìyí. Mo tún ní ọmọkùnrin kan nílé tó ń gbá igi mọ́ igi látàárọ̀ dalẹ́. Tó bá wù ẹ́, lọ wò ó. Mi ò fipá mú ẹnikẹ́ni o." Bí wọ́n ṣe fẹ́ra wọn nìyẹn, gbogbo ìgbà tí Aránṣọ bá sì rántí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín ló máa ń pa á. Nísinsìnyí, tó bá rántí rẹ̀, ó máa ń gbójú kúrò lára ògiri tí agolo náà kọ́ sí.

Oníbàárà kan wà tí wọ́n ń pè ní Tíṣà Orin, torí pé orin ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé. Ó fẹ́ rán aṣọ gígùn kan tó máa wọ̀ níwájú èrò lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ kọrin. Aṣọ olówó ńlá ni, Aránṣọ sì fẹ́ kó dára, torí Tíṣà Orin mọ èèyàn púpọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Aránṣọ wà lórí eékún níwájú rẹ̀, ó ń fi píìnì há etí aṣọ, píìnì yòókù sì wà lẹ́nu rẹ̀, ni ilẹ̀kùn bá ké.

Tíṣà Orin di etí méjèèjì. "Yéè! Kí nìyẹn? Mi ò tíì rí ohùn yẹn nínú ìwé orin kankan rí."

Aránṣọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n píìnì kún ẹnu rẹ̀, etí aṣọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó tu píìnì ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, Màmá ti dé. Kò gba ọ̀nà títì lọ́jọ́ náà. Ohùn èèyàn tó gbọ́ ló tẹ̀ lé. Pẹtikóòtì nìkan ló wọ̀, ó sì dé fìlà iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, èyí tí ìyẹ̀fun igi ṣì wà lára rẹ̀. Ó yọ téèpù lọ́rùn Aránṣọ bí ẹni yọ nǹkan ìní rẹ̀, ó fi yí ìdí Tíṣà Orin ká, ó sún un, ó tún un wò.

"Háà!" ni Màmá wí. "Ìdí yìí ti gbèrú o. Ṣé gbogbo ẹ̀ lo fẹ́ kí n fi aṣọ bò?"

Tíṣà Orin bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ bá mi bò ó níbi tí aṣọ bá lè dé."

Ì bá dára kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Màmá ṣe ń ká téèpù náà mọ́wọ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ṣàn sórí ilẹ̀, ó dé ibi tí ìyókù aṣọ Tíṣà Orin tẹ́ sí, ó rin ín létí. Màmá wo ilẹ̀, ó wo Aránṣọ, ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ bèèrè ẹni tó da omi síbẹ̀. Tíṣà Orin yíjú sí ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin kan lẹ́nu jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n ká ní ó bú wọn ni, ì bá rọ Aránṣọ lọ́rùn ju orin náà lọ.

Ó fa Màmá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò dì í lọ́wọ́ mú bó ṣe máa ń dì í mú. Òkè apá ló ti gbá a mú. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí oníbàárà má bàa gbọ́, ó ní, "Ẹ̀ ń dójú tì mí! Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ̀ ń dójú tì mí níbi iṣẹ́ mi!"

Màmá gbójú sókè wò ó. Ẹ̀rù wà lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà," ló sọ, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Mà."

Nírọ̀lẹ́, tí Aránṣọ fi epo sí maṣíìnì tán, kò gbé Ọlọ́fìnkìn kọ́ sórí ìṣó rẹ̀. Ó mú un lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá ti sùn. Ó ki imú agolo náà bọ àárín hínjì, irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù. Ó tẹ ìdí rẹ̀, tọ́kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi sí ti ìsàlẹ̀, tọ́kọ́, tọ́kọ́. Ó ti ilẹ̀kùn náà lọ, ó fà á bọ̀. Ó kọ́kọ́ ké díẹ̀, ó wá ń kùn, nígbà tó ṣe, ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bo lẹ́nu. Aránṣọ fi àkísà nu èyí tó ṣàn sílẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí etí àwọn oníbàárà ni. Ìdí mìíràn wà lábẹ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ sọ ọ́ parí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣiṣẹ́ bí kò ṣe ṣiṣẹ́ rí láti ọjọ́ pípẹ́. Maṣíìnì ń lọ geere. Kò sí ohun tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Ó rán apá aṣọ Tíṣà Orin, ó rán ọrùn rẹ̀, ó sì rí ara rẹ̀ tó ń kọrin. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ lójú fèrèsé ló bu oúnjẹ Màmá sínú abọ́, ó gbé e lọ.

Ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí ẹnì kan lórí ibùsùn. Bàtà Màmá kan wà nílẹ̀, kò rí ìkejì.

Ó wo ilé ìwẹ̀, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó gun àtẹ̀gùn lọ bá àwọn ayálégbé. Ó wá sáré jáde sí títì pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì ń gbá irun nílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Màmá? Wọ́n kọjá níbí o! Wọ́n tiẹ̀ kí mi. Wọ́n ní kí n gé irun orí mi, pé kò yẹ kí onígbàjámọ̀ rí báyìí." Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú Aránṣọ, ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Mo rò pé ẹ rán wọn níṣẹ́ ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ o."

Wọ́n fi fóònù pe Ọ̀gá Káfíńtà, ọkọ Aránṣọ, níbi tó ti ń kan òrùlé. Ó dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi lójú. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, òun náà kúrò ní ọsibítù láìbọ́ aṣọ iṣẹ́. Kí Àǹtí tó sọ nǹkan kan, Ọ̀gá Káfíńtà yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé o ò gbọ́ ilẹ̀kùn ni?"

"Mi ò gbọ́."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Aránṣọ ò tíì pa irọ́ tó burú tó òótọ́ yẹn rí láyé rẹ̀.

Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà. Oníkálukú ń lọ, wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọjà, lọ́wọ́ àwọn awakọ̀. Ní gbogbo ibi tí Aránṣọ bá ti rí èrò tó pé jọ sẹ́bàá títì, á sáré lọ wo ohun tó wà láàárín wọn. Ó ń rìn, ó ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́." Nígbà tó yá, ó wá rántí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí Màmá máa ń fẹ́ lọ.

Ibi tí ṣọ́ọ̀bù Màmá wà tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló wà níbẹ̀ báyìí. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú wọn, ó kó ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di aṣọ mú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò, sókè sódò, bó ṣe máa ń tẹ maṣíìnì. Ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà ti bó, ẹ̀jẹ̀ wà ní àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ìyá ní àwọn ń dúró de oníbàárà," ni atún-fóònù-ṣe wí. "Mo fún wọn lómi. Mo bèèrè ilé, wọ́n ní ọ̀gá àwọn ń bínú, àwọn ò lè padà sílé."

Ọ̀gá Káfíńtà ti dé ẹ̀yìn Aránṣọ nígbà yẹn, ó sì gbọ́. "Ọ̀gá wo?" ló bèèrè. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó ń fi ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ Màmá. Kò gbójú sókè.

Ọ̀gá Káfíńtà pọn ìyá rẹ̀ délé. Níbi tó ti ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn yàrá ló ti dúró. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fà á padà. Kẹ́kẹ́ pa. Ó rọra gbé Màmá kalẹ̀ sórí ibùsùn, ó fi ìka kan hínjì, ó gbé ìka náà sí imú.

"Epo maṣíìnì nìyí. Ta ló fi epo síbí?"

Aránṣọ la ẹnu.

"Èmi ni," ni Màmá wí látorí ibùsùn, ó gbé àyà sókè. "Ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣe nínú ilé yìí? Ẹ̀kán kan, níbi tí irin ti ń ha irin. Èmi ni mo kọ́ gbogbo wọn."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni òun fẹ́ rín tàbí ẹkún. "Ẹ ò rí ìyá yìí! Wọ́n ń wá ọ̀nà àtisá jáde, wọ́n wá fi epo di ẹnu ilẹ̀kùn!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Aránṣọ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ létí, ó sì kórìíra rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì padà wá pẹ̀lú àgádágodo tuntun nínú ọ̀rá. "Láti ìta la ó ti máa tì í," ló wí. "Bí Ìyàwó wa bá fẹ́ jókòó ṣiṣẹ́, kó tì í. Bó bá gbé oúnjẹ wá, kó ṣí i."

"Àǹtí, ìyá wa kì í ṣe adìẹ," ni Ọ̀gá Káfíńtà wí.

"Mo mọ̀. Adìẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi epo sí hínjì. Ẹni tó bá lè ro ìyẹn, kí ni kò ní lè rò lọ́la? Ṣé ká wá máa wá òkú ẹ̀ kiri títì ni?"

Ọ̀gá Káfíńtà lọ mú òòlù. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan irin tí àgádágodo máa kọ́. Aránṣọ gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá láti fi fọ egbò ẹsẹ̀ Màmá, ó dúró sọ́dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú abọ́ omi náà, torí kò sí àyè láti kọjá. Ó ń wo òòlù bó ṣe ń lọ sókè.

Màmá jókòó sétí ibùsùn, ó ń wo ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. "Iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ́," ló wí. "Irin yẹn gún régé. Ta lẹ̀ ń ṣe é fún?"

Òòlù dúró. Ọ̀gá Káfíńtà ò yíjú. "Fún ẹnì kan ni, Màmá."

"Ẹ jẹ́ kó le dáadáa o. Olè pọ̀ níta."

Aránṣọ gbé abọ́ omi náà kalẹ̀. Omi dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Kì í ṣe Màmá," ló wí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì yíjú. "Kí ni kì í ṣe Màmá?"

"Tó fi epo sí ilẹ̀kùn. Èmi ni."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, "Ìwọ? O wá dúró láti àná, ò ń wò wá. O bá wa rẹ́rìn-ín. Mo lọ ra àgádágodo, ò ń wò mí!"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀," ni Ọ̀gá Káfíńtà wí. Ó ti dìde. Ojú rẹ̀ ń bẹ ìyàwó rẹ̀. "Ó gbàgbé ni. Ariwo ilẹ̀kùn yẹn pọ̀ lóòótọ́, èmi ló yẹ kí n ti tún un ṣe. Àwọn oníbàárà ń ṣàròyé, ó fi epo sí i, kò rántí pé òun la fi ń gbọ́ Màmá. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ó ti ṣí ọ̀nà fún un. Ẹsẹ̀ kan péré ló kù kó gbé, kó sì bọ́. Aránṣọ wo ọ̀nà náà. Ó wù ú gan-an.

"Mi ò gbàgbé," ló wí. "Mo mọ̀ pé tí kò bá ké, mi ò ní gbọ́. Ìdí tí mo fi ṣe é nìyẹn. Tí mi ò bá gbọ́, mi ò ní láti dìde. Ó ti sú mi láti máa dìde. Mo fẹ́ jókòó ní ọ̀sán kan péré bíi pé kò sẹ́nì kankan nínú yàrá yìí." Ó yíjú sí Màmá. "Èmi náà ni ọ̀gá tí wọ́n ní ó ń bínú. Mo fa wọ́n lápá. Mo jágbe mọ́ wọn."

Ọ̀gá Káfíńtà wo òòlù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló fi síbẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aránṣọ láìfara kàn án, ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀.

"Mo máa ń fi ọ́ yangàn níbi iṣẹ́ wa, ṣé o mọ̀? Mo máa ń sọ fún wọn pé ìyàwó wa ń tọ́jú ìyá wa ju àwa tí wọ́n bí lọ. Àná gan-an mo sọ ọ́, kí wọ́n tó pè mí." Ó jáde.

Ọ̀gá Káfíńtà fi ẹ̀mú fa àwọn ìṣó náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihò wọn ṣì wà lára férémù títí di òní. Kò bú ìyàwó rẹ̀, kò sì bá a sọ ju "omi dà" àti "ó dàárọ̀" lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó bu kẹrosíìnì sínú agolo kan, ó ń fi àkísà fọ hínjì, ó ń nù ún, ó tún ń fọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé ń gun àtẹ̀gùn lọ, ó rí i.

"Ọ̀gá Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́! Ẹ wá fi epo sí i níkẹyìn!"

"Rárá o. Mò ń yọ ọ́ kúrò ni."

Ọkùnrin náà dúró díẹ̀, ó ń retí kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò rí ẹ̀rín, ó gòkè lọ.

Aránṣọ náà gbé omi iyọ̀ wá, ó ń fi kun irin náà láràárọ̀ kó lè tètè dógùn-ún. Ilẹ̀kùn kò ké. Epo Màmá, epo gidi ni, ó ti wọ inú irin lọ. Nítorí náà ó wọ́ maṣíìnì rẹ̀ kúrò ní yàrá iwájú, ó gbé e sẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó lè máa wo ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú ojú. Ibẹ̀ há, ó sì ṣókùnkùn. Àwọn oníbàárà ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá. Tíṣà Orin wá gba aṣọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọsẹ̀ lára tábìlì.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi wá jókòó sọ́nà bí ẹ̀ṣọ́?"

Irọ́ kan ti wà létí ahọ́n rẹ̀, irọ́ kékeré, pé afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀. "Màmá mi ni mò ń ṣọ́," ló wí. "Ẹni tó wọn ìdí yín lọ́jọ́sí. Mo jẹ́ kí wọ́n sọnù."

Tíṣà Orin gbé aṣọ rẹ̀ wò nínú ìmọ́lẹ̀, ó ní ó dára. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó na ọrùn wo inú yàrá, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun o! Ó bò ó tán!" Màmá fi ọwọ́ dá a lóhùn bí ọ̀gá.

Òjò dé. Igi ilẹ̀kùn wú, irin bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí Aránṣọ tẹrí ba sórí bọ́tìnnì, ó gbọ́ kùn-ùn, ó gbọ́ "kẹ́ẹ́n" fẹ́ẹ́rẹ́, bí ọmọ tó ń jí lójú oorun. Ó dìde kó tó mọ̀ pé òun ti dìde.

Màmá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé etí sí i. "Ilẹ̀kùn yìí ń ké," ló wí. "Ẹ bá mi mú Ọlọ́fìnkìn wá."

"Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, Màmá. Maṣíìnì ló fẹ́ epo."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un wá sórí àga tirẹ̀, ó sì gbé agolo náà lé e lọ́wọ́. Orí Màmá ò mọ ọjọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Ó ki imú agolo náà sí ibi tó yẹ. Tọ́kọ́. Ó wá ibòmíì. Tọ́kọ́. Ó fi etí aṣọ nu imú Ọlọ́fìnkìn, ó wò ó bóyá ó mọ́.

"Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan," ni Màmá wí. "Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n ṣe. Kì í da epo sí ibi tí kò yẹ. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Aránṣọ na ọwọ́ mú àkísà kan. "Mo mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Ẹ bá mi kí i."

Aránṣọ ki àkísà bọ abẹ́ abẹ́rẹ́. Màmá gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Wọ́n rán an láti etí dé etí, Aránṣọ sì fà á yọ, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Epo ṣì wà lára rẹ̀, tótòtó, lẹ́bàá òwú.

"Kò tíì tán," ni Màmá wí. "Tún un rán."

Ó yí àkísà náà, ó tún kì í bọ abẹ́ abẹ́rẹ́.